Ẹ̀kọ́ Kìíní Monísọ́lá

Ọjọ́ Ajé, 2 September 2002

Èmi Dúrójayé ni mo kọ́ ìdajì ìlú Odò-Orò ní ìwé kíkà. Ohun tí mo sọ fún wọn nídìí ayò lónìí nìyẹn, mo sì sọ ọ́ débi pé èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Mo ní kí wọ́n fi Monísọ́lá sílẹ̀ fún mi títí di ìkórè, pé ọmọ náà yóò ka ẹ̀kọ́ kìíní lójú gbogbo ìjọ bí ẹni ń mu omi.

Kí n tó délé ni ara mi ti walẹ̀. Ìdajì ìlú kọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo kọ́, Dèjì ọmọ mi, mo kọ́ ọ láti A dé D, tíṣà ló parí èyí tó kù. Èmi alára, Sítáńdà Fóò ni mo ti sá kúrò ní sùkúù lọ́jọ́ tí ìṣirò le. Ìdí òṣùwọ̀n kòkó ni mo ti mọ̀wé kọ, nítorí ẹni tí kò bá lè kọ iye tí òṣùwọ̀n sọ, wọ́n á rẹ́ ẹ jẹ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò kéré. Ọdún yìí ló kan ilé wa láti mú ọmọ jáde kàwé níbi ìkórè àwọn ọmọdé. Àkọ́bí ilé ló gbọ́dọ̀ kà á. Wọn kì í fo ẹ̀gbọ́n mú àbúrò. Ilé tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìjọ pé orí àkọ́bí òun kò pé. Monísọ́lá ni àkọ́bí Dèjì. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìlá, kò sì lè ka orúkọ tó wà lára páálí ọṣẹ. Ṣèyífúnmi àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń ka bébà tí wọ́n fi wé àkàrà kó tó jẹ àkàrà ọ̀hún.

Dèjì wá láti ìlú Iye tó ń gbé lánàá. Kò jókòó. Ó ní, "Bàbá, tí kò bá lè ka nǹkan yìí ní ìkórè, mo ń mú un lọ sọ́dọ̀ Bísí n'Ìbàdàn. Kó lọ máa fọ abọ́. Mi ò lè máa da owó sínú ihò."

Bísí ni àbúrò ìyàwó rẹ̀, ó ní búkà níbẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wá ọmọ tí yóò máa fọ abọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Monísọ́lá ló ń gbé omi gbígbóná fún mi láràárọ̀. Òun ló ń bá mi wá awò ojú mi. Òun nìkan ló ṣì ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà mi, àwọn yòókù ti gbọ́ ọ sú. Tó bá lọ, ta ni mo fẹ́ máa dá lára yá?


Ọjọ́rú, 4 September

Òjò láti àárọ̀. Mo kọ "ba" sára síléètì, mo ní kó pè é. Ó pè é. Mo kọ "gba", ó tún pè é ní "ba". Mo pe méjèèjì sí i létí kíákíá, mo bi í bóyá wọ́n jọra. Ó ní wọ́n jọra. Mo ní, "Tí mo bá gbá ẹ létí báyìí, wàá mọ̀ pé wọn ò jọra." Ó rẹ́rìn-ín. Mo gbá a létí. Ó ṣì ní wọ́n jọra.

Mo ti sọ ọ́ ní Púrófẹ́sọ̀. Gbogbo ọmọ àdúgbò ti ń pè é bẹ́ẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.


Ọjọ́ Ẹtì, 6 September

Wọ́n fún mi ní òkété kan, ó sanra bí ọmọ àlùfáà. Nígbà tí ọbẹ̀ jinná, mo pe àwọn ọmọ méjèèjì jókòó, mo ní lónìí, ẹnà la fi ń jẹun nílé yìí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ta ni kò fi ẹnà pa àṣírí mọ́ fún àgbà? Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń jáde, à ń ki "g" bọ̀ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ, ẹni tí etí rẹ̀ bá yá á yọ ọ́ kúrò, á sì gbọ́ ohun tó kù. Mo ní:

"Wágá múgú ẹgẹrangan."

Kí n tó pa ẹnu dé, Ṣèyífúnmi ti wá mú ẹran. Monísọ́lá ń wo ẹnu mi. Mo tún un sọ. Ó tún un sọ tẹ̀lé mi, kò fi ohunkóhun sílẹ̀, ohùn òkè rèé, ohùn ìsàlẹ̀ rèé, bí ẹ̀rọ rédíò. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ kò yé e. Kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti pín.

Ọbẹ̀ àti iyán lásán ló jẹ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni a ó máa ṣe é títí yóò fi gbọ́n. Ebi ẹran kì í pa ènìyàn.


Ọjọ́bọ̀, 12 September

Misis Adéwùnmí wá sílé. Tíṣà tuntun tí wọ́n gbé wá láti Ìkọ̀lé ni, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀. Ọ̀kadà ti da ẹrẹ̀ sí i láti ẹsẹ̀ dé ìbàdí, mo bi í bóyá ó gba oko wá ni. Ó kí mi dáadáa, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun wá nítorí Monísọ́lá.

Ó ní kí ọmọ náà jókòó, ó ń sọ̀rọ̀ sí i, ọmọ ń dáhùn. Ó ní kó sọ "bàtà". Ó sọ ọ́. Ó ní kó mú "bà" kúrò níbẹ̀, kí ló kù? Ọmọ wò ó, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ẹsẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi. Obìnrin náà dúró dè mí kí n rẹ́rìn-ín tán.

Ó ní etí ọmọ náà kò dí, orí rẹ̀ sì pé. Ó ní àwa yòókù, bí ọ̀rọ̀ bá ti ń wọlé létí wa ni a ti ń gé e, a kò tilẹ̀ mọ̀ pé à ń gé e. Tirẹ̀ ń fà bí ọbẹ̀ ilá ni, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò rí ibi tí yóò ti fi ṣíbí gé e. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò bá lè gé ọ̀rọ̀ létí, kí ni yóò fi lẹ́tà lé lórí? Ó ní bí a bá ń yára sọ̀rọ̀ sí i ló ń burú sí i, ibi tí ariwo bá sì ti pọ̀, ó parí. Ó ní òun ti rí irú rẹ̀ níbi tí òun ti kọ́ṣẹ́, ọmọ ń jogún rẹ̀ ni, ẹgba kì í wò ó.

Mo ní, "Kò sí irú ẹ̀ nílé mi. Ẹ lọ wádìí rẹ̀ nílé ìyá ẹ̀."

Ó bi mí bóyá Monísọ́lá mọ iyán gún pẹ̀lú ẹlòmíràn. Mo ní irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ó ní kí n ṣáà wò ó.


Ọjọ́ Àìkú, 15 September

Mo wò ó. Ó dun mí pé obìnrin yẹn mọ ohun tó ń sọ.

Àwọn méjèèjì dúró ti odó. Ṣèyífúnmi gún un, ó kan Monísọ́lá, ó gún un. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọmọ odó pàdé ọmọ odó. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún pàdé. Ó yá jù, ó pẹ́ jù, kò bọ́ sí àyè rẹ̀ rí. Lójú mi, ọwọ́ rẹ̀ wúwo ni, ọ̀lẹ ni, mo sì ti ń fi bú u láti ìgbà tó ti tó ọmọ odó gbé.

Ọládiípọ̀ tí a jọ ń ta ayò wà níbẹ̀. Ó ní, "Dúrójayé, uyán ulé rẹ ń jà."

Mo dìde, mo ń pàtẹ́wọ́ fún wọn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń sin òkú. Pà. Pà. Pà. Wọn ò pàdé mọ́. Monísọ́lá bú sẹ́rìn-ín. Kò gún iyán kúnná bẹ́ẹ̀ rí. Mo jẹ ẹ́ tán, mo ní kókó wà nínú rẹ̀.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 September

Òjò. Ọ̀kadà lọ sí Ìkọ̀lé ti kúrò ní ogún náírà, ó ti di ọgbọ̀n. Ẹsẹ̀ mi ń dùn mí.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 September

Misis Adéwùnmí ní kí n wá nǹkan kéékèèké tí a ó máa tò sílẹ̀. Mo ní ọmọ ayò wà. Bí a bá sọ ọ̀rọ̀, ọmọ náà á fi ọmọ ayò kan lélẹ̀ fún ègé kọ̀ọ̀kan tó bá gbọ́. Bà, ọ̀kan. Tà, ọ̀kan. Tíṣà ń sọ ọ́ bí mo ṣe ń pàtẹ́wọ́, díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kí n má gbá a létí, kí n má yára. Ó tún ní kí n máa fún un lẹ́ran.

Mo ní mo gbọ́.


Ọjọ́rú, 25 September

Ọmọ náà ti fi ayò nà mí. Ó fojú ka gbogbo ọmọ ayò inú ọpọ́n láìfọwọ́ kàn án, ó kó mi mọ́lẹ̀ lójú Ọládiípọ̀. Inú bí mi. Nídìí oúnjẹ alẹ́, mo sọ ẹnà gígùn kan, Ṣèyífúnmi gba ẹran méjèèjì.


Ọjọ́rú, 2 October

Ó ka ọ̀rọ̀ kan. Mo kọ "odó" sára síléètì, mi ò sọ nǹkan kan. Ó mú ọmọ ayò kan, ó fi lélẹ̀. Ó tún mú òmíràn. Ètè rẹ̀ ń mì. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi tàbà sẹ́nu tí mo tutọ́ rẹ̀ dànù. Ó wá ní, "Odó ni. Bàbá àgbà, odó ni."

Ìyìn ló wù ú láti gbọ́ lẹ́nu mi. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ní ewúrẹ́ Ọládiípọ̀ á ti kà á tipẹ́, kó tún wò ó bóyá kì í ṣe "ìdọ̀tí" ni mo kọ. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú síléètì lọ sí kọ̀rọ̀, ó ń wo ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀.


Ọjọ́ Ajé, 14 October

Ó ti ń ka ọ̀rọ̀ kúkúrú mélòó kan: adé, ilé, ẹja. Ṣùgbọ́n bó ti ń kà á, ẹni tó bá ń retí rẹ̀ á lọ sóko á bọ̀. Wọ́n ti mú ẹ̀kọ́ náà wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó gùn bí ọ̀nà Ìkọ̀lé. Misis Adéwùnmí bẹ àlùfáà pé kí wọ́n fún ọmọ náà ní ẹsẹ kan ṣoṣo, èyí tó kúrú jù, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé e, bó ti wù kó pẹ́. Àlùfáà gbà. Èmi ni mo kọ̀. Ẹsẹ kan? Fún ilé Dúrójayé? Kí Ọládiípọ̀ lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí n ó fi kú?

Kòkó ti ń dúdú lórí igi nítorí òjò yìí. Ìdajì rẹ̀ ti lọ.


Ọjọ́bọ̀, 17 October

Mo ti rí ọ̀nà.

Lónìí ni mo gbọ́ tí Monísọ́lá ń sọ ìròyìn rédíò àárọ̀ fún àwọn adìyẹ. Gbogbo rẹ̀ pátá, ibi tí ọkùnrin tó ń ka ìròyìn ti wúkọ́, ó wúkọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ló gbọ́ ọ. Ohun tó bá wọ etí ọmọ yìí lódindi, lódindi ló ń gbé níbẹ̀.

Kí wá ni à ń fi ọmọ ayò wá kiri? N ó ka ẹ̀kọ́ náà sí i létí, yóò gbé e mì, yóò pọ̀ ọ́ jáde lójú ìjọ. Mo ní kó má sọ fún tíṣà. Mo ní tó bá sọ, Ìbàdàn ni.


Ọjọ́ Ajé, 28 October

Ó ti mọ̀ ọ́n láti òkè dé ilẹ̀. Iṣẹ́ ojú ló kù. Mo kọ́ ọ bí ojú ṣe ń rìn lórí ìwé, láti òsì sí ọ̀tún. Mo kọ́ ọ kó máa lá ìka kó tó ṣí ìwé. Mo kọ́ ọ kó máa dúró díẹ̀ níbi kan, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà le. Tó bá gbójú sókè, mo fi ọwọ̀ nà án lẹ́sẹ̀.

Ó bi mí pé, "Bàbá àgbà, ìgbà wo la máa padà sídìí ọmọ ayò? Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ 'gba'."

Mo ní lẹ́yìn ìkórè.


Ọjọ́ Àìkú, 3 November

Dèjì wá gbọ́ ọ. Ó jókòó lónìí. Ọmọ dúró síwájú rẹ̀, ó ka gbogbo rẹ̀, ó lá ìka, ó ṣí ìwé. Dèjì gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa á dé. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Mi ò mọ ìgbà tí Dèjì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi kẹ́yìn. Ó mú ọmọ náà lọ sí Ìkọ̀lé lọ ra bàtà funfun. Ó ní òun yóò ránṣẹ́ sí Bísí pé kó wá ẹlòmíràn.

Misis Adéwùnmí, tó ti gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń ka ẹ̀kọ́ ọ̀hún, pàdé mi lọ́nà. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti kọ́ ọ ní orin ni. Ẹ ò kọ́ ọ ní ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dán an wò." Mo ní kó lọ tọ́jú ọkọ rẹ̀.


Ọjọ́ Àìkú, 10 November

Ìkórè. Oòrùn mú. Iṣu tó wà níwájú pẹpẹ pọ̀ ju ti èṣí lọ.

Monísọ́lá ṣe é. Kò ṣì í níbì kankan. Aṣọ funfun, bàtà funfun, ohùn rẹ̀ dé ẹ̀yìn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ti ń sọ̀kalẹ̀.

Ẹnì kan wá sọ̀rọ̀ láàrin àwọn àgbà ọkùnrin, ní ẹnà: "Kògò mọ̀gọ̀ ọ́ngọ́n kàgà." Ènìyàn pọ̀ níbẹ̀, ta ló lè mọ ẹni tó sọ ọ́. Gbogbo ọmọdé ló bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn wọn ni àwọn ìyá wọn. Kò sí ẹni tí kò yé àfi ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń wo gbogbo wa, ó ń bá wa rẹ́rìn-ín.

Àlùfáà bi ọmọ kan ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ọmọ náà sọ ọ́: wọ́n ní kò mọ̀ ọ́n kà. Àlùfáà rẹ́rìn-ín, ó ní ká dójú ti ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣí ìwé síbòmíràn, ó ní kí Monísọ́lá ka ìlà kan péré.

Ó padà gòkè. Ó gbé ìka lé igi tí ìwé wà lórí rẹ̀, ó ń fi ìka kàn án, kọ́, kọ́, bí ìgbà tó ń to ọmọ ayò. Ó ka ọ̀rọ̀ kìíní. Kò ṣì í. Ó pẹ́. Ó ka èkejì, kò ṣì í. Ariwo ti bo gbogbo ilé. Dèjì dìde, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde. Àlùfáà ní ó tó.


Ọjọ́rú, 13 November

Dèjì ti sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mọ́tò. Ó ní ó sàn kí ọmọ má lè kàwé ju kí wọ́n fi òun ṣe ẹlẹ́yà lójú ìlú lọ. Ó bi mí bóyá mo mọ ẹni tó sọ ẹnà yẹn. Mo ní ohùn náà jọ ti Ọládiípọ̀.

Misis Adéwùnmí wá bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọmọ náà ka ọ̀rọ̀ méjì tí kò rí rí, nínú ariwo, lójú gbogbo ayé, kò sì sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn. Dèjì ní òun gbọ́, ẹ ṣé. Ó ti ilẹ̀kùn.

Ọládiípọ̀ kò wá ta ayò láti ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀gbẹ́ mi gan-an ló jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 November

Ọyẹ́ ti dé. Ètè mi ti bẹ́.

Wọ́n ti di ẹrù ọmọ náà kí oòrùn tó yọ. Ó gbé omi gbígbóná wá fún mi, lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Bàbá àgbà, kí ni wọ́n sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì tí gbogbo wọn fi rẹ́rìn-ín?"

Mo ní, "Wọ́n ní o ṣe é dáadáa."

Ó ní, "Ó gùn ju ìyẹn lọ."

Ó da ọmọ ayò sórí ẹní. Ó sọ ọ́ bó ti gbọ́ ọ, lódindi, bí rédíò. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀, ó sì ń tò ó. Kò, ọ̀kan. Gò, ọ̀kan. Mọ̀. Gọ̀. Mo ní mọ́tò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Kò gbọ́ mi. Nígbà tó tò ó tán, ó ń mú àwọn ti "g" kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi ọwọ́ kan àwọn tó kù.

"Kò. Mọ̀. Ọ́n. Kà."

Kò tíì tú ẹnà kankan rí láyé rẹ̀. Kò sí ẹran tí n ó fún un.

Ó gbójú sókè. Kò sunkún. Ó ní, "Ohùn yín ni, Bàbá àgbà."

Mo ní àgbàlagbà pọ̀ níbẹ̀, mo ní Ọládiípọ̀ ni. Mo tilẹ̀ fi ohùn Ọládiípọ̀ sọ̀rọ̀ kó lè rẹ́rìn-ín. Ó kó ọmọ ayò padà sínú ọpọ́n. Ó wá awò ojú mi, ó fi lé mi lórí itan. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sídìí mọ́tò, bàtà funfun náà ló wọ̀ lọ.

Èmi ni. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un, ó ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi, ó dùn, mo sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò rán mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an, inú mi sì dùn.